Air fryer tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà: ṣé kí n tàn án, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní Houston kó ẹrù sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wa, air fryer kan sì wà níbẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tó ti wà nínú páálí, nítorí ẹnu wa ò kò lé e lórí nínú ilé. Àbúrò mi ní ó ń fa jẹjẹrẹ, pé máíkírówéèfù ló tún lórúkọ mìíràn. Bàálé mi ní owó iná tí yóò jẹ yóò ju owó òróró lọ. Dókítà sì ti ní kí n dín òróró kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Dòdò, ẹja díndín àti ọ̀jọ̀jọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù nílé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lò ó, ṣé ewu wà níbẹ̀? Ṣé ó tilẹ̀ wúlò, àbí ẹ̀ṣọ́ lásán ni?

* * *

Ẹ kú ilé, mà. Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi wà, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń lo tèmi. Màá dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà tó ní V lẹ́yìn ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ 120V ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má tàn án rárá.

Iná tí wọ́n ń lò nínú ilé ní Amẹ́ríkà, 120 volt ni. Tiwa níbí, 230 volt ni. Tí ẹ bá ki ẹ̀rọ 120 bọ iná 230, agbára tí irin inú rẹ̀ máa fà kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Bó bá ṣe dáadáa, fíúsì inú rẹ̀ á jó, ẹ̀rọ á kú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣe dáadáa, ilé ìdáná ló máa gbiná.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé púlọ́ọ̀gì ni ìṣòro, torí pé ti Amẹ́ríkà ní eyín pẹlẹbẹ, pé kí oníṣẹ́ iná gé e, kó fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i. Ẹ má gbà. Púlọ́ọ̀gì kì í yí volt padà. Ẹ̀rọ tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ìyẹn kò ní wàhálà yìí, torí iná tiwọn bá tiwa mu, púlọ́ọ̀gì wọn pẹ̀lú.

Tí ẹ bá ti wò ó, ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n mú àwọn ìbéèrè yòókù.

* * *

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni àwọn èèyàn tó dá sí i sọ jù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní ìtànṣán ló fi ń se oúnjẹ bíi máíkírówéèfù. Àwọn kejì ní irọ́ gbáà ni, pé air fryer kò lè pa èèyàn lára láéláé. N kò gba ti ìkankan nínú wọn.

Ẹ fa apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde kí ẹ yọjú wo òkè inú rẹ̀. Irin wíwé kan ló wà níbẹ̀, bíi ti sítóòfù oníná, fáànù sì wà lórí irin náà. Irin á gbóná, fáànù á fẹ́ ooru náà yí oúnjẹ ká, ihò ara apẹ̀rẹ̀ á jẹ́ kó gba abẹ́ kọjá. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ààrò kékeré tó ní fáànù ni. Philips gbé e jáde lọ́jà pẹ̀lú orúkọ Airfryer ní 2010, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yan búrẹ́dì ti ń lo ààrò oní-fáànù tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Àbúrò yín lè fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìtànṣán.

Ṣùgbọ́n òkìkí jẹjẹrẹ yẹn ní ibi tó ti wá. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Sweden rí i pé oúnjẹ onísítáàṣì tí a bá dín tàbí tí a yan, tí ooru rẹ̀ sì kọjá 120°C, ó máa ń ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní acrylamide. Àjọ IARC, tó wà lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ láti 1994, nítorí ohun tí wọ́n rí lára ẹranko. Ó ń ba èèyàn lẹ́rù tí a bá gbọ́ ọ báyẹn. Àmọ́ ó wà nínú búrẹ́dì yíyan, ó wà nínú kọfí, ó wà nínú pòtétò tí a dín nínú agbada. Sítáàṣì àti ooru tó pọ̀ ló ń bí i, ẹ̀rọ yòówù kí ẹ lò. Nítorí náà ẹni tó ń dín dùndún títí á fi dúdú nínú òróró, tó wá ń sá fún air fryer nítorí jẹjẹrẹ, ohun tó ń sá fún wà nínú abọ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ni mo máa ń wò. Tí iṣu tàbí pòtétò bá ti pọ́n bíi wúrà, mo ti yọ ọ́ nìyẹn. Mi ò kì í dúró de àwọ̀ igi. Pòtétò ní tiẹ̀, mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí mo bá gé e, kí n tó nù ún gbẹ, èyí máa ń fa ṣúgà ara rẹ̀ jáde. Ẹ má sì tọ́jú pòtétò tútù sínú fìríìjì, torí òtútù ń mú kí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹja àti ẹran kò ní sítáàṣì, ọ̀rọ̀ acrylamide kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n, bí a kò bá ṣáà ti jó wọn di èédú.

Ọ̀dà dúdú tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, irú ti Teflon, kì í bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kó máa yọ èéfín àfi tí ooru bá ju 260°C lọ. Ọ̀pọ̀ air fryer kì í kọjá 200°C. Páànù Teflon tí ẹ gbé ka gáàsì láìsí nǹkan nínú rẹ̀, tí ẹ wá lọ dá ẹnì kan lóhùn lóde, ìyẹn lè kọjá 260 kí ẹ tó padà wọlé. Ẹni tó bá ń sin ayékòótọ́ nílé ni kí ó ṣọ́ra gan-an. Ẹyẹ kì í lè fara da èéfín ọ̀dà yẹn rárá, ẹ gbé àgò rẹ̀ jìnnà sí ilé ìdáná, ìbáà jẹ́ páànù ìbáà jẹ́ air fryer lẹ ń lò. Tí ọ̀dà náà bá ti ń ṣí, ẹ pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀. Kànìnkànìn onírin ló sábà máa ń ṣí i.

* * *

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí gan-an nìyí, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í sì í béèrè: wáyà.

Oṣù kejì tí mo ra tèmi, mo ki í bọ extension kan tí a fi ń tan tẹlifíṣọ̀n. Itan adìẹ ni mo ń yan. Òórùn kan ń rùn bí ìgbà tí ike bá ń jó, mo rò pé ọ̀rá adìẹ ni. Nígbà tó yá mo fọwọ́ kan extension náà, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ẹnu ihò rẹ̀ sì ti yọ́ mọ́ púlọ́ọ̀gì. Bí mo bá lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà láti lọ ká aṣọ, mi ò mọ ohun tí ǹ bá bá. Oníṣẹ́ iná ni ọkọ mi. Ó tú extension náà níwájú mi. Wọ́n kọ 13A gàdàgbà sí i lára, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, kò yẹ kó gbé ju gílóòbù àti ṣájà lọ.

Air fryer 1500 watt máa ń fa bíi ampere 6 ààbọ̀ nígbà tí iná bá pé. Wáyà ògiri tó dára kò ní mọ̀ ọ́n lára. Extension olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà wa kò lè gbà á fún ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ mi fa wáyà 2.5mm tuntun láti ibi fíúsì wá sí ògiri ilé ìdáná, ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A tó ki síbẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni mo sì ń lò títí dòní. Tí air fryer bá ń ṣiṣẹ́, kò sí kẹ́túlù, kò sí áyọ́ọ̀nù lójú wáyà kan náà. Tí mo bá parí, mo yọ ọ́ kúrò nínú iná pátápátá, torí bí NEPA ṣe ń gbé iná wá lójijì, ẹ kì í mọ iye volt tó máa kọ́kọ́ wọlé.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà lè ní àbùkù. Ní oṣù kejì 2023, wọ́n ní kí àwọn tó ra oríṣi air fryer Cosori kan dá a dúró ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ni, nítorí pé ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ nínú rẹ̀ lè gbóná jù kó sì gbiná. Mà, ẹ sọ fún ọmọ yín kó wo orúkọ àti nọ́ńbà tiyín lórí ìkànnì àjọ CPSC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọjà. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

* * *

Fún bàálé yín, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ 1500 watt tó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko jẹ ìdajì unit. Nígbà tí wọ́n gbé iná Band A sí ₦225 ní oṣù kẹrin 2024, ìdajì unit jẹ́ ₦112.50. Ó tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀, torí irin inú rẹ̀ máa ń kú kó tún jí bí ooru bá ti pé. Abọ́ dòdò kan nínú agbada ń mu òróró ju owó yẹn lọ dáadáa, ká má tíì ka gáàsì mọ́ ọn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá kò jàre lórí èyí.

Ibi tí wọ́n ti jàre ni pé iná gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí kò sí lórí Band A, tó ń rí iná fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, tí ìkan nínú wákàtí náà sì jẹ́ òru, kí ni yóò fi í ṣe? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé e rárá, agbára rẹ̀ kò tó 1000 watt. Jẹnẹrétọ̀ tó tóbi lè gbé e, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí dòdò, ẹ padà sídìí gáàsì yín, ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inverter ilé wa lè gbé e lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń ràn. Lálẹ́, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án, torí bátìrì.

Iná tó lọọlẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní àdúgbò wa, ó lè wá ní 160 volt nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé bá ń dáná. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rọ á kàn fà díẹ̀ ni. Agbára rẹ̀ máa ń já sí ìdajì, kò tilẹ̀ ní pé ìdajì. Ohun tí ìwé ní kó gbà ogún ìṣẹ́jú, ó lè gba ogójì. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé máa jẹ adìẹ tí kò jinná. Ẹ fi ọ̀bẹ la ibi tó nípọn jù níbi eegun kí ẹ tó gbé e fún ọmọ, omi tó bá jáde kò gbọ́dọ̀ pupa.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìlíṣàn bínú sí wa. Wọ́n ní ìyá àwọn dín dòdò àti ẹja fún ogójì ọdún, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, pé òyìnbó ń tàn wá jẹ.

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ìyá tèmi náà dín in fún ogójì ọdún. Ní 2020, wọ́n ń dín ẹja, omi ara ẹja ta nínú òróró, wọ́n fà sẹ́yìn, ọwọ́ kọ́ agbada. Òróró gbígbóná dà sí wọn lápá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó lè wọ bùbá fúnra wọn. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ igbe wọn, mi ò sì tíì gbàgbé ìró rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ra air fryer, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ fọn. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń bi mí pé ṣé kò léwu, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n fi wé ohun tó wà lórí gáàsì wọn báyìí: lítà òróró méjì tó ń hó, ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sáré kiri, ọwọ́ agbada tó yọ síta.

Ara air fryer náà ń gbóná, mi ò ní purọ́. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè jó èèyàn lọ́wọ́, èéfín tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè dà lé ọmọ lórí.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Air fryer ń yọ òróró, kò yọ iyọ̀. Mo rí àwọn tó ń bu magí mẹ́ta sórí ẹsẹ̀ adìẹ mẹ́rin, tí wọ́n wá ń sọ pé oúnjẹ àwọn ti di ti aláìsàn nítorí pé kò sí òróró. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó giramu 5 lóòjọ́, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, ti inú magí sì wà nínú rẹ̀. Ata, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti aáyù ni mo fi ń pa ẹja lára báyìí, iyọ̀ á kàn ta á ní díẹ̀.

* * *

Ó yá, oúnjẹ.

Ẹja ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Títùsì kò fẹ́ ẹ̀kán òróró kan, torí òróró wà lára rẹ̀. Mo máa ń gé e, mo pa á lára, mo jẹ́ kí omi ro kúrò, mo tò ó kó má gun ara wọn, 190°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 18, mo yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Òróró rẹ̀ á ro sísàlẹ̀, ẹ ó rí i fúnra yín. Ṣàwá kò tó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 12 ti tó o. Pánlá gbẹ jù tí ẹ kò bá fi òróró díẹ̀ pa á lára. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé òórùn ẹja kì í gba gbogbo yàrá mọ́.

Tòlótòló àti ẹran ewúrẹ́, mo máa ń bọ̀ wọ́n kí wọ́n rọ̀ kí n tó fi wọ́n síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 12. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi tí a bó, tí a yan bíi bọ̀ọ̀lì, ó dára púpọ̀. Àkàrà àná, puff-puff àná, meat pie àná, wọ́n á gan padà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Dòdò ni ìjà wà lé lórí. Àwọn kan ní kò yàtọ̀ sí ti agbada. Ó yàtọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, ṣíbí òróró kan tí ẹ fi yí gbogbo rẹ̀, 180°C, ìṣẹ́jú 14: ẹ ó jẹ ohun tó dùn, tí inú rẹ̀ rọ̀, tí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Kò ní dán bí ti agbada. Àwọn ọmọ mi ráhùn fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lẹ́nu. Tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò bá pọ́n, ẹ má dán an wò, ó máa le bí igi.

* * *

Ọ̀jọ̀jọ̀.

Mo fẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Mi ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná, torí ọ̀jọ̀jọ̀ ni ìyá mi máa ń dín fún wa lọ́jọ́ Sátidé, gaàrí tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbìyànjú.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo rin ewùrà, mo po ó mọ́ ata àti àlùbọ́sà bó ṣe yẹ, mo bù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ó gba ihò jò sísàlẹ̀, ó jó mọ́ ibẹ̀, mo fi ọjọ́ kan gbáko fọ̀ ọ́. Ìgbà kejì, mo fi òróró pa inú kọ́ọ̀bù kéèkì kéékèèké, mo dà á sí i. Ó dì pọ̀ o, ṣùgbọ́n ó jáde bí ebìrìpò tí kò ní ewé, ó rọ̀ láti òkè dé ìdí. Ìgbà kẹta, mo kọ́kọ́ fi ooru omi sè é ní róbótó róbótó, mo wá fi òróró pa á lára kí n tó gbé e wọ inú ẹ̀rọ. Ti ìgbà yìí le lára. Mo gbé e fún ìyá mi. Wọ́n jẹ ìkan, wọ́n ní, “Ó dùn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀jọ̀jọ̀.”

Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà, ìdí rẹ̀ sì wà. Òróró gbígbóná máa ń di gbogbo ara ewùrà mú lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ èèpo rẹ̀ ti le, inú rẹ̀ á wá máa sè jẹ́jẹ́. Atẹ́gùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú rẹ̀ tó gbẹ, nígbà yẹn ohun tó ń ṣàn ti ṣàn lọ. Ohun yòówù tí a bá po lómi, ọ̀jọ̀jọ̀, àkàrà, puff-puff tútù, agbada ló ni ín.

Ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní òun ń ṣe àkàrà lórí bébà nínú tòun, ó sì dára. Mo ti jẹ irú rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín pẹlẹbẹ ni, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kí ó máa jẹ ẹ́. Bébà náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹ má fi bébà sínú rẹ̀ láìsí oúnjẹ tó wúwo lórí rẹ̀. Fáànù á gbé e sókè, ó máa kan irin tó pọ́n, á sì gbiná.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi í dáná fún àlejò. Apẹ̀rẹ̀ lítà mẹ́rin kò gbà ju itan adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé ọkọ mi bá ya wọlé, èèyàn ogún lójú kan náà, agbada ńlá ni mo máa ń gbé síta, lórí iná igi. Air fryer á wà níbi tó wà.

* * *

Díẹ̀ lórí ìtọ́jú, torí ẹni méjì béèrè. Ẹ fọ apẹ̀rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, òróró àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ ló ń mú un rú èéfín. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri tó ìbú ọwọ́ méjì. Ẹ má gbé e ka orí gáàsì, kódà tí gáàsì bá ti kú. Ọmọ lè yí i lójijì. Ẹ má lo òróró inú agolo tí a ń fọ́n, ó ń ba ọ̀dà jẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á. Tí ẹ kò bá lò ó, ẹ fi aṣọ bo ihò ẹ̀yìn rẹ̀, aáyán fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ rántí ṣí i kí ẹ tó tàn án.

* * *

Ìyá wa ti padà wá. Wọ́n ní: “Ọmọ-ọmọ mi bá mi kà á. 120V, 60Hz, 1700W ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Bàálé mi wá ní tiransífọ́mà kékeré tí a fi ń lo rédíò òkè òkun nígbà kan ṣì wà nílé. Ṣé a lè fi í sí i?”

Mà, inú mi dùn pé ẹ wò ó. Ẹ má lo tiransífọ́mà rédíò yẹn. Irú rẹ̀ kì í gbé ju 100 tàbí 200 watt lọ, ẹ̀rọ yín fẹ́ 1700, tiransífọ́mà fúnra rẹ̀ ló máa gbiná. Èyí tó lè gbé e láìgbóná, kí ó má dín ní 2500 watt, irin ńlá ni, ó wúwo gan-an, owó rẹ̀ kò sì kéré. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, volt nìkan ló máa yí padà. 50Hz iná tiwa, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní di 60 tí ẹ̀rọ yín fẹ́, fáànù rẹ̀ lè má yára bó ṣe yẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dun yín, torí ọmọ ló fi ìfẹ́ rà á. Ẹ fi sínú páálí rẹ̀, kí ẹni tó bá ń padà lọ bá yín gbé e.

Ẹ wá ní kí ọmọ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ ra ìkan níbí, èyí tí wọ́n kọ 220–240V àti 50Hz sí lára, lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹja yín, ẹran yín àti bọ̀ọ̀lì, ẹ máa ṣe é níbẹ̀. Ọ̀jọ̀jọ̀, ẹ dín in nínú agbada lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, òróró tuntun, díẹ̀díẹ̀, kí ọmọdé má sí nítòsí.

Kí ẹ tó san owó rárá, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná yín wò. Ọkọ mi máa wá ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà síbẹ̀. Tó bá jẹ́ wáyà 1.5mm ti gílóòbù ni wọ́n fà síbẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.